Àwo Oúnjẹ Tí Ó Padà ní Kíkún

Ní àkókò ayẹyẹ bí irú èyí, kíkà ni a máa ń kà. A ó ka iye ọdún, a ó ka iye ilé tí a ti kọ́, a ó ka àwọn ọmọ tí ó ti inú ilé-ẹ̀kọ́ yìí jáde tí wọ́n di dókítà, adájọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n àti àlùfáà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọpẹ́ yẹ Ọlọ́run, ọpẹ́ sì yẹ àwọn tí ó ṣe làálàá ṣáájú wa. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò tí ì rí kí ẹnikẹ́ni kà nínú ìwé ayẹyẹ kankan. Ìyẹn ni iye àwo oúnjẹ tí ó ń ti gbọ̀ngàn ìjẹun padà sí ilé ìdáná ní kíkún, àti orúkọ ọmọ tí ó ni wọ́n. Nípa àwo wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ẹ̀yin òbí sọ̀rọ̀.

Èrò mi kò fara sin. Ọmọ ọdún 13 tàbí 15 tí ó ń yẹra fún oúnjẹ lójoojúmọ́ kì í ṣe ẹni mímọ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kì í ṣe olóríkunkun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tí ayé ń bá jà. Inú ìṣòro ni ó wà, ìṣòro náà sì lè di àìsàn tí ń pa ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní orúkọ Kristi ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn lọ, nítorí pé ààwẹ̀, tí í ṣe ohun rere lọ́wọ́ àgbà, ti di aṣọ tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń fi bora láàrin àwọn ọmọ.

Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún ọmọ Èkìtì láti gbà pé ènìyàn lè fi ebi pa ara rẹ̀ ní ibi tí oúnjẹ wà. Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ìdó dé Ọ̀tùn, iyán ni a fi ń mọ̀ wá. Ìró odó ni ó ń sọ fún àlejò pé ilé kún. Ní ayé àwọn baba wa, ẹni tí kò bá jẹun, ọ̀kan nínú ohun mélòó kan ni: kò ní, ara rẹ̀ kò yá, ó ń ṣọ̀fọ̀, tàbí ó ń bínú. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo ìwọ̀nyí. A ní ebi, a ní ìyàn, a ní èèwọ̀, a ní ààwẹ̀. A tilẹ̀ ń sọ pé ọmọ kan fi oúnjẹ bínú, ìyẹn ni pé ó ti àwo sẹ́yìn kí ìyá rẹ̀ lè mọ̀ pé inú òun kò dùn. Ṣùgbọ́n ti ọmọ tí ebi ń pa, tí oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, tí ó sì ń fi du ara rẹ̀ lọ́jọ́ dé ọjọ́, títí tí ebi náà fi di ohun ìyangàn fún un, a kò ní orúkọ kan pàtó fún ìyẹn. Ohun tí a kò ní orúkọ fún, orúkọ ohun mìíràn ni a máa ń fi pè é. Ẹnì kan á ní ọgbẹ́ inú ni, ẹnì kan á ní ibà ni, ẹlòmíràn á rọra sọ pé ilé bàbá ọmọ náà ni kí a yẹ̀ wò.

Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù fún un ní orúkọ ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 1873, William Gull ní Lọ́ńdọ̀nù àti Charles Lasègue ní Paris, láìjẹ́ pé wọ́n jùmọ̀ ṣe é, ṣe àpèjúwe àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n rù kan egungun láìsí ikọ́ àwúgbẹ tàbí àrùn inú kan tí a lè tọ́ka sí, tí wọ́n sì ń sọ pé kò sí ohun tí ó ṣe àwọn. Gull ni ó pè é ní anorexia nervosa. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé àìsàn àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ òyìnbó ni, pé ilẹ̀ Áfíríkà kò ní í mọ̀ ọ́n. Àwa náà fẹ́ràn láti gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1988, Dókítà O. O. Famuyiwa kọ̀wé nípa ọmọ Nàìjíríà méjì tí wọ́n ní àìsàn yìí gan-an, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ ti ilẹ̀ Scandinavia. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ní kò sí irú rẹ̀ nílé wa, àìkàwé ni.

Ìròyìn tí ó kàn wá jù lọ wá láti Gánà. Ní ọdún 2004, Dinah Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé British Journal of Psychiatry. Wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì méjì ní orílẹ̀-èdè náà, wọ́n wọn gíga àti ìwọ̀n ara akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 668. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn tí ó rù jù wò, ó ku ọmọbìnrin 10 tí kò sí ohun mìíràn tí ó fa rírù wọn bí kò ṣe pé wọ́n ń fi ebi pa ara wọn. Ohun tí ó ya àwọn oníṣègùn náà lẹ́nu ni èsì tí àwọn ọmọ náà fún wọn. Wọn kò sọ̀rọ̀ bí àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ti ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ pé àwọn sanra jù, tàbí pé àwọn fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kò sí lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni wọ́n ń sọ. Ohun rere ni wọ́n ka àìjẹun wọn sí, wọ́n ní ìkóra-ẹni-níjàánu ni, wọ́n sì ń sẹ́ pé ebi ń pa àwọn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Bí ọmọ kan bá sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò fẹ́ jẹun kí òun má baà sanra, ìyá rẹ̀ yóò bá a wí, bóyá yóò tilẹ̀ gbá a létí. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ pé ààwẹ̀ ni òun ń gbà, ìyá yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun bí ọmọ tí ó mọ àdúrà. Olùkọ́ yóò yìn ín. Àwọn ọ̀rẹ́ yóò máa pè é ní wòlíì. Àìsàn tí gbogbo ènìyàn ń yìn, ta ni yóò wò ó? Òǹkàwé kan lè ní ọmọ 10 nínú 668 kò pọ̀. Lóòótọ́, kò tó 2 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ní akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 300, tí ó sì rí bákan náà níbẹ̀, ọmọ 4 tàbí 5 ni ìyẹn, ọmọ tí ó ní òbí, tí ó ní ibùsùn, tí ó ní nọ́ńbà lára aṣọ rẹ̀.

Ìjọ Ọlọ́run sì ti rí irú èyí rí. A bí Catherine ti Siena ní ilẹ̀ Ítálì ní ọdún 1347. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni ó ti ń dín oúnjẹ kù, títí ó fi di pé bí ó bá jẹ díẹ̀, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Àwọn àlùfáà tí ń tọ́ ọ sọ́nà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹun. Ó ní òun kò lè ṣe é. Ó kú ní ọdún 1380, ní ẹni ọdún 33. Ẹni mímọ́ ni Ìjọ Àgùdà pè é, n kò sì bá wọn jiyàn, nítorí iṣẹ́ àánú rẹ̀ pọ̀. Mo kàn ń sọ pé àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ní ìgbà ayé rẹ̀ kò rò pé àìjẹun rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di mímọ́. Ẹ̀rù ni ó ń bà wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ilẹ̀ Èkìtì kò lè sọ̀rọ̀ ààwẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àjèjì. Ìsọjí ọdún 1930 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Òkè Oòyè ní Iléṣà kò dúró ní Ìjẹ̀ṣà. Ó wọ ilẹ̀ wa, Èfọ̀n-Aláayè ni wọ́n sì sin Joseph Ayo Babalola sí títí di òní. Nínú ìdílé púpọ̀ tí ń ka ìwé yìí, ìyá-ìyá wọn wà lára àwọn tí ó gbé ìgò omi lọ sí ibi àdúrà. Àdúrà àti ààwẹ̀ irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tí ó mú wa dé ibi tí a dé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ orí ọkùnrin náà. Ọdún 1904 ni a bí Babalola. Nígbà tí ó gbọ́ ìpè ní ọdún 1928, ẹni ọdún 24 ni, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ó ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ títì, ó sì ń gba owó oṣù. Àgbàlagbà ni ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ọmọ kíláàsì kejì tí egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà.

Àwọn ìjọ tí ó ti pẹ́ nídìí ààwẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí. Òfin Ìjọ Àgùdà tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 1983 sọ pé ẹni tí ó bá ti pé ọdún 18 ni òfin ààwẹ̀ mú, ó sì tú ẹni tí ó bá ti wọ ọdún 60 sílẹ̀. Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí pẹ̀lú, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ààwẹ̀, kò sọ ọ́ di dandan fún ọmọ tí kò tí ì bàlágà, wọ́n sì yọ aláìsàn àti arìnrìn-àjò sílẹ̀. Báwo ni ó ṣe wá jẹ́ pé ní àwọn ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọmọ ọdún 16 kan lè dìde lẹ́yìn àdúrà alẹ́ kí ó kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu fún àwọn ọmọ ọdún 11 àti 12, tí mátírọ́ọ̀nù kò mọ̀, tí òbí kò mọ̀, tí ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ sì máa gbọ́ ọ nígbà tí ẹnì kan bá ṣubú lórí ìlà ní òwúrọ̀? Bí ìdánwò WAEC bá sì súnmọ́lé, ìgbà tí ọpọlọ ń béèrè oúnjẹ jù lọ, ìgbà náà gan-an ni ààwẹ̀ máa ń pọ̀ sí i.

Ìwé Mímọ́ kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Olúwa jí ọmọbìnrin Jáírù dìde, ọmọ ọdún 12, àwọn àgbà dúró, ẹnu yà wọ́n. Òun ni ó rántí pé kí wọ́n fún ọmọ náà ní nǹkan jẹ. Nígbà tí Èlíjà dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi tí ó ń tọrọ ikú, áńgẹ́lì tí a rán sí i kò kọ́kọ́ bá a wí, kò sì gba àdúrà lé e lórí. Àkàrà àti omi ni ó kọ́kọ́ gbé ka iwájú rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Sọ́ọ̀lù ni ó fi ìbúra de àwọn ọmọ ogun lọ́jọ́ ìjà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹun, Jónátánì ọmọ rẹ̀ ni ó sì tọ́ oyin wò tí ojú rẹ̀ là. Ta ni ó gbọ́n nínú àwọn méjèèjì lọ́jọ́ náà?

Ohun tí ebi pípẹ́ ń ṣe sí ọkàn ènìyàn kì í ṣe ohun tí a ń méfò lé mọ́. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, ní ọdún 1944 sí 1945, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà fẹ́ mọ bí a ó ṣe tọ́jú àwọn tí ogun fi ebi pa. Ọkùnrin 36 fi ara wọn sílẹ̀ fún un. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ láti inú àwọn ìjọ tí kò gbà kí ọmọ ìjọ gbé ìbọn. Ara wọn le, orí wọn pé. Fún ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n ń jẹ nǹkan bí ìdajì ohun tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀, títí wọ́n fi pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Àwọn onínú tútù di oníbìínú. Òtútù ń mú wọn nígbà tí oòrùn ń ràn. Ọ̀rẹ́ kò wù wọ́n mọ́, ìwé kò wọ̀ wọ́n lórí mọ́. Oúnjẹ gba gbogbo ọkàn wọn: wọ́n ń ka ìwé ìdáná bí ẹni ń ka ìtàn, oúnjẹ ni wọ́n ń sọ, oúnjẹ ni wọ́n ń rò, kódà lójú àlá. Bí wọ́n bá jókòó ti àwo kékeré kan, wọn kò fẹ́ kí ó tán. Nígbà tí a tún bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ wọn, àwọn mìíràn jẹ, wọ́n jẹ, wọn kò yó.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ àlá yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀ràn tiwa ti le jù. Ní ilẹ̀ wa, jíjẹun lójú àlá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọmọ tí ó bá jí láàárọ̀ tí ó ní òun jẹ ìrẹsì àti ẹran lójú àlá, ẹ̀rù yóò bà á, yóò sì bá olórí ẹgbẹ́ àdúrà sọ ọ́. Kí ni olórí ẹgbẹ́ àdúrà yóò pa láṣẹ? Ààwẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ebi mú kí ó lá àlá oúnjẹ yóò tún fi ebi kún ebi, àlá yóò pọ̀ sí i, ìbẹ̀rù yóò pọ̀ sí i, ọjọ́ ààwẹ̀ yóò sì gùn sí i. Ebi bí àlá, àlá bí ààwẹ̀, ààwẹ̀ tún bí ebi. Mo ti gbọ́ irú ìtàn yìí lẹ́nu àwọn ọmọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nígbà tí mo ń ṣe olùkọ́, n kò sì rí ọmọ kan tí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ bi léèrè pé, ‘Kí ni o jẹ lánàá?’

Kì í ṣe ààwẹ̀ nìkan ni ọ̀nà tí ìṣòro yìí ń gbà wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó sún mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni jù. Fóònù náà wà. Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá ti ìrìn-àjò dé tí a ní, ‘O mà ti sanra o,’ oríire ni a ń kí i. Bí a bá ní, ‘O ti rù,’ àánú ni. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn fún ọmọbìnrin ọdún 15 lónìí kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Anne Becker, oníṣègùn ọpọlọ kan láti Amẹ́ríkà, rí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ní erékùṣù Fiji, ní agbègbè kan tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn ara tí ó kún bí àwa náà ti fẹ́ràn rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n dé ibẹ̀ ní ọdún 1995. Ní ọdún náà, kò sí ọmọbìnrin kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bi léèrè tí ó ní òun ń bì kí òun lè fọn. Ní ọdún 1998, nǹkan bí 11 nínú 100 ni ó ní òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n nìyẹn, tí gbogbo ilé ń wò pọ̀ nínú pálọ̀. Fóònù kọ́, tí ọmọ ń wò nìkan lábẹ́ aṣọ ìbora.

Irú mìíràn tún wà tí kò kan ẹwà, tí kò kan àdúrà. Ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi í sínú ìwé atọ́nà wọn ní orúkọ tí a gé kúrú sí ARFID. Ó wà nínú ìwé tuntun ti Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022 pẹ̀lú. Ọmọ tí egungun ẹja há sí lọ́fun lẹ́ẹ̀kan, tí ó ti ìgbà náà ń bẹ̀rù láti gbé òkèlè mì. Ọmọ tí òórùn ewédú tàbí yíyọ̀ ilá ń mú kí inú rẹ̀ rú lóòótọ́, tí kì í ṣe àṣejù, tí ó fi jẹ́ pé ìrẹsì funfun àti búrẹ́dì nìkan ni ó lè jẹ. Ọmọ tí ebi kì í sábà pa rí. Gbogbo ọmọ ni ó ń ṣa oúnjẹ jẹ ní ìgbà kan, kò sì yẹ kí òbí sáré lọ sí ọsibítù nítorí pé ọmọ ní òun kò fẹ́ ẹ̀wà. Ohun tí ó yẹ kí ó dẹ́rù bà wá ni kí ọmọ máa rù tàbí kí ó má dàgbà mọ́, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa gbẹ, tàbí kí ó máa sá fún gbogbo ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jẹun pọ̀. Òbí tí ó bá sì fi ipá mú irú ọmọ yìí, bí àwọn ìyá wa ti máa ń rọ ọmọ ọwọ́ lẹ́kọ, ìbẹ̀rù ni yóò fi kún ìbẹ̀rù.

N kò sì lè gbójú fo ohun tí àwa fúnra wa ń ṣe. Ní ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀, ẹran ọmọ kíláàsì kìíní kì í dé ẹnu rẹ̀. Ọmọ kíláàsì àgbà ti gbà á. Àwọn kan ṣì ń fi oúnjẹ fífi-du-ni ṣe ìjìyà. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ó sì burú jù, ìtìjú ni kì í jẹ́ kí a sọ ọ́: àwọn ọmọbìnrin wà tí kì í jẹun ọ̀sán, tí kì í mu omi, nítorí pé ṣáláńgá tí ó wà lẹ́yìn kíláàsì kò ní ilẹ̀kùn, pàápàá ní àkókò nǹkan oṣù. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní àìsàn ọpọlọ kankan. Ilẹ̀kùn ni ó nílò. Ṣùgbọ́n bí a kò bá bi í léèrè, a ó kà á mọ́ àwọn tí ń gba ààwẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ óò rí wọn nígbà ìsinmi bí ẹ bá wò wọ́n dáradára. Aṣọ tí ó fi ilé sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ti fẹ̀ jù ú lọ, ó sì ń wọ súwẹ́tà nínú ooru. Irun rẹ̀ ń já. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Òòyì ń kọ́ ọ bí ó bá dìde. Ó máa ń ní òun ti jẹun ní ibòmíràn, tàbí kí ó máa fi oúnjẹ yí kiri inú àwo, tàbí kí ó máa dáná fún gbogbo ilé láìfi ẹnu kàn án. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ti wọ ilé ìwẹ̀. Kí ẹ má ṣe pariwo mọ́ ọn lójú àlejò. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, nítorí ibà, aràn inú, ikọ́ àwúgbẹ àti àìsàn ìtọ̀ ṣúgà pẹ̀lú lè mú ọmọ rù, dókítà ni yóò sì là á. A kò jìnnà sí ìrànlọ́wọ́: ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì níhìn-ín. Bí dókítà bá ní kí ẹ rí oníṣègùn ọpọlọ, kí ẹ má ṣe torí ohun tí ará àdúgbò yóò sọ kọ̀. Láti ọdún 1954 tí Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní Abẹ́òkúta ni a ti ń rí i nílẹ̀ Yorùbá pé ọkàn náà ń ṣàìsàn, ó sì ń rí ìwòsàn.

Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò. Ọmọ tí ó ti pẹ́ gan-an láìjẹun, kí ẹ má ṣe fi ayọ̀ gbé iyán ńlá ka iwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ara tí ebi ti sọ di aláìlera lè dàrú bí oúnjẹ púpọ̀ bá já lù ú lójijì, ọkàn pàápàá lè kọṣẹ́. Àwọn dókítà rí i lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun tí a dá sílẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni a fi ń bọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, lójú oníṣègùn.

Àwọn kan yóò ní bí a bá fòfin de ààwẹ̀ láàrin àwọn ọmọ, iná àdúrà yóò kú ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ lè jí ní agogo márùn-ún ìdájí kí ó gbàdúrà, kí ó sì jẹ ògì àti àkàrà ní agogo méje. Ọmọ tí ó bá fẹ́ fi nǹkan du ara rẹ̀ nítorí Olúwa lè fi fóònù sílẹ̀ ní ìgbà ìsinmi, tàbí kí ó fún ọmọ tí kò ní ní ìdajì ṣúgà rẹ̀. Àìsáyà wòlíì pàápàá, ní orí 58, béèrè bóyá ẹni tí ń gbààwẹ̀ ń fi oúnjẹ rẹ̀ fún ẹni tí ebi ń pa. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò ju èyí lọ: kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má ṣe ní àṣẹ láti kéde ààwẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, kí ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18 má gba ààwẹ̀ ní ibùgbé láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ kọ̀wé, kí olùkọ́ kan jókòó nínú gbọ̀ngàn ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójúmọ́, kì í ṣe láti di pàṣán mú, bí kò ṣe láti wo àwo. Kí a sì máa wọn gbogbo ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, ní kọ̀rọ̀, láìka nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sí etí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó ku ọ̀dọ̀ àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde. Gbogbo sẹ́ẹ̀tì ni ó fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sí ara ohun tí ojú lè rí, mo sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó ni, nítorí sẹ́ẹ̀tì tiwa náà ti kọ tirẹ̀ sí ara ògiri kan. Ṣùgbọ́n owó oṣù nọ́ọ̀sì kan tí yóò gbé inú ọgbà, ìwọ̀n kan, àti ilẹ̀kùn mẹ́fà fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin kò tó ìdá mẹ́ta owó tí a ń sọ pé a ó fi kọ́ ẹnu-ọ̀nà àbáwọlé tuntun. Mo ti kọ̀wé sí akọ̀wé ẹgbẹ́ pé kí a fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣáájú ti ẹnu-ọ̀nà ní ìpàdé gbogbogbòò tí yóò tẹ̀lé ayẹyẹ yìí. Ẹnu-ọ̀nà tí ó wà níbẹ̀ ṣì ń ṣí, ó sì ń tì.